Ọ̀fìnkìn Tí Mo Pè Ní Ata

Àsìkò kan wà tí mi ò lè gbàgbé láé. Tí mo bá ti rántí ẹ̀, ojú á tì mí, inú mi á sì tún dùn. Ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ ni mò ń tà ní Mile 12 nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Silifá, ni mo sì ń gbé ní Ìkòsí. Àwa tá à ń ta ata gbígbẹ, sísín kì í ṣe nǹkan kan lójú wa. Tá a bá ti gbọn àpò báyìí, oníbàárà á sín, alábàárù á sín, àwa náà á sín, a ó sì máa fi ara wa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ní ara òun ò yá, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ fún un pé ata ni. Mo ti sọ ara mi di dókítà wọn.

Lọ́sẹ̀ tí Àǹtí bímọ, lẹ́yìn ọdún méje tí wọ́n ti ń fojú sọ́nà, oníbàárà kan wá ra ata lọ́wọ́ mi. Ó ń wúkọ́, ojú ẹ̀ pọ́n. Mo ní kó má fòyà, ata ni. Mo bu omi fún un nínú ife mi, ó mu, èmi náà sì fi ife yẹn mu tèmi. Mo ṣoore, àbí?

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí, eegun ń ro mí, òtútù sì ń mú mi nínú oòrùn ọ̀sán. Mo ní ata ni. Mo délé, mo wẹ̀, sísín ò dáwọ́ dúró. Mo ní á jẹ́ pé ata ti wọnú aṣọ mi. Ni mo bá kó gbogbo aṣọ mi sómi, títí kan aṣọ ìbora. Ìgbà tí mo sá wọn tán ni mo rí i pé mi ò ní nǹkan kan tí màá wọ̀. Jálàbíà ọkọ Àǹtí ni mo wọ̀, tí mò ń wọ́ ọ nílẹ̀ káàkiri àgbàlá, tí mo sì ń sín. Àwọn ará ilé ń bi ara wọn bóyá lémọ́mù tuntun la gbà.

Ìyá Ìsẹ́yìn, ìyá ọkọ Àǹtí, ló wá ń wẹ ọmọ fún wa. Arúgbó ni wọ́n, èmi àtàwọn la sì jọ ń jẹun nínú àwo kan. Bí mo ṣe nawọ́ pé kí n gbé ọmọ, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi.

"Dúró níbẹ̀," wọ́n ní. "Ata kì í mú ara gbóná báyìí. Má fọwọ́ kan ọmọ mi."

Inú bí mi. Mo gba ilé ìwòsàn lọ, kí wọ́n lè bá mi sọ pé èmi ni mo jàre. Nọ́ọ̀sì ní tó bá jẹ́ ata ni ara mi ò gbà, imú àti ojú á máa yún mi, ara ò ní gbóná, á sì lọ tí mo bá ti kúrò nídìí ẹ̀. Ó ní fúlùú lèyí, ọ̀fìnkìn tó le, ó máa ń ràn, ó sì lè ṣe ọmọ tuntun àti arúgbó níjàǹbá. Ó fún mi ní ìbòmú, ó ní kí n máa fi ọṣẹ fọwọ́, kí n máa sín sínú ìgbúnwọ́ mi, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni lo ife. Bó ṣe dárúkọ arúgbó yẹn ni mo rántí àwo tí èmi àti Ìyá Ìsẹ́yìn jọ fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìsẹ́yìn sín.

Bí àwọn ará ilé ṣe kó àwa méjèèjì sí yàrá ìta nìyẹn. Ẹni tó ti Ìsẹ́yìn wá torí kó lè wẹ ọmọ, ojú fèrèsé ló ti wá ń darí wíwẹ̀, pẹ̀lú ìbòmú, tó ń bú Àǹtí pé kò mọ orí ọmọ ọ́n dì mú. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ibà wọn le débi pé a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn, ó fún wọn lóògùn, a sì gbé wọn padà wálé. Mò ń bi ara mi pé tí wọ́n bá kú, ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́? Mò ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn, wọ́n ń kì ọmọ lójú fèrèsé, wọ́n sì ń sọ fún mi bí ọkọ wọn ṣe fẹ́ wọn. Mi ò bá ìyá àgbà tèmi láyé. Yàrá yẹn ni mo ti ní ọ̀kan.

Ibà wọn lọ. Ọmọ ò tiẹ̀ wúkọ́ rárá. Lọ́jọ́ tí Àǹtí ní ká wọlé, mo rò pé Ìyá Ìsẹ́yìn á já ọmọ gbà. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n wò mí.

"Ìwọ wá wẹ̀ ẹ́, kó o lè mọ̀ ọ́n. Ṣé o ti fọwọ́?"

Mo ti fọ̀ ọ́. Mo padà lọ tún un fọ̀.

Ìyá Ìsẹ́yìn ti dolóògbé báyìí, ọmọ yẹn sì ti ń lọ sílé ìwé. Èmi náà ti fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀: ẹni tó bá ń sín nísọ̀ mi, màá kọ́kọ́ bi í bóyá ara ẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ gbé ọmọ jòjòló lé mi lọ́wọ́, ohùn Ìyá Ìsẹ́yìn ni mo máa ń gbọ́. Màá rẹ́rìn-ín, màá sì lọ wá ọṣẹ.