Ọjọ́ Tí Ọba Wa Ekòló

Nígbà tí ọdẹ kò tíì mọ ọ̀nà Igbó Àgbọ́máfọ̀, tí kò tíì sí ẹni tí yóò pe ọba ibẹ̀ àti ẹrú ibẹ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe ẹran, Kìnnìún ni ó jọba lórí gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ọba dáadáa ni. Kì í pa ju iye tí ebi rẹ̀ bá ní kí ó pa lọ.

Odò kan la igbó náà já, Ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí koríko gbẹ, tí èso tán lórí igi, ẹja inú Ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni ará ìlú fi ń gbé ẹ̀mí ró. Ṣùgbọ́n òfin àwọn baba ńlá wà nílẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sódò títí ọba yóò fi kọ́kọ́ ju tirẹ̀, tí yóò sì pa ẹja kan, ó kéré, ó tóbi. Ekòló tí ọba bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà nìkan ni ó sì gbọdọ̀ fi ṣe ìjẹ. Àwọn baba ńlá wọ̀nyẹn ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní ọba tí ó bá ń kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lọ́dọọdún kò ní gbàgbé ibi tí oúnjẹ ti ń wá.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ọ̀gbẹlẹ̀ tètè dé. Kìnnìún kò tètè kúnlẹ̀.

Òkété, opó kan tí ihò rẹ̀ wà lẹ́bàá odò, ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti jẹ ẹ̀kùrọ́ inú ihò tán, wọ́n ti ń họ èèpo rẹ̀ jẹ. Ní àràárọ̀ ni ó ń lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ etí omi, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tí ó sì tutù, yóò wo ibi tí ekòló bá su ilẹ̀ jọ sí, yóò sì gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ekòló bá yọrí, kì í fà á. Yóò dì í mú jẹ́jẹ́, yóò dúró, títí ara rẹ̀ yóò fi dẹ̀, tí yóò tú ilẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi agídí fà á, ìdajì ni yóò mú lọ sílé. Inú ewé kókò ni ó ń kó wọn sí, pẹ̀lú ilẹ̀ tútù, yóò sì gbé e síbòòji, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí odò bá ṣí ni òun yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìjẹ kiri.

"Ìyá ọlọ́mọ," ni Ọ̀yà aládùúgbò rẹ̀ máa ń wí fún un, "ẹ̀ ń sin ekòló bí ẹni ń sin adìẹ. Ọba ò mà tíì gbéra."

"Ebi àwọn ọmọ mi ti gbéra ní tiẹ̀," ni Òkété yóò fèsì.

Bí gbogbo igbó ti mọ̀ ọ́n mọ ekòló náà ni ìgbìmọ̀ fi ránṣẹ́ pè é ní ọjọ́ kan. Wọ́n ní kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọ̀rọ̀ yóò fi kàn án. Ibẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ wọn.

Ẹfọ̀n, olórí ìgbìmọ̀, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kábíyèsí, àwọn ará ìlú ní ebi ń pa àwọn."

"Ta ló fún ebi láṣẹ?" ni Kìnnìún bi í. "Mo rò pé èmi nìkan ni mo lè pa ará ìlú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìkookò, Ọ̀tún Ọba, ni ó rẹ́rìn-ín pẹ́ jù, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Kábíyèsí, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Èékánná tí gbogbo ayé ń wárìrì fún, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ẹrẹ̀ la ó wá máa kì í bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo rò ó," ni Kìnnìún wí, ó sì na èékánná náà jáde kí wọ́n lè rí i dáadáa. "Èékánná tí mo fi fa ìyá Ẹfọ̀n ya."

Ẹfọ̀n wúkọ́ díẹ̀. "Ẹ ṣeun, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n òfin àwọn baba ńlá, a ò lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ta ló ní ká tì í?" ni Ìkookò wí. "Òfin ní kí ọba wa ekòló. Òfin ò ní kí ọba lọ bá ekòló nílé. Ẹ jẹ́ kí ekòló wá bá ọba. A ó kọ ebè kan síwájú ààfin, Òkété yóò kó ekòló sínú rẹ̀, Kábíyèsí yóò sì wà á lójú gbogbo ayé."

Ìgbìmọ̀ mi orí. Ọgbọ́n gidi ni, wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ kan Òkété.

Inú rẹ̀ dùn. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ohun tí ó kàn án ni pé kí odò ṣí. Ó ru ilẹ̀ dúdú láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, ó fi kọ ebè, ó sì kó àwọn tó sanra jù nínú ekòló tirẹ̀ sínú rẹ̀. Kò tíì nu ọwọ́ tán nígbà tí Ìkookò dé.

"Kí lèyí?"

"Ilẹ̀ ni, Bàbá Ọ̀tún."

"Ó dọ̀tí."

"Ilẹ̀ ni, Bàbá."

Ìkookò wò ó bí ẹni wo aláìsàn. Ó pàṣẹ kí wọ́n kó ilẹ̀ náà dànù, kí olúkúlùkù ará ìlú sì sẹ́ iyanrìn funfun wá, agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí owó orí ayẹyẹ. Àwọn tí ebi ti sọ ikùn wọn di pẹlẹbẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ iyanrìn. Ebè funfun balau kan dìde síwájú ààfin, wọ́n sì ri ekòló sínú rẹ̀.

"Bàbá Ọ̀tún," ni Òkété wí, "iyanrìn yìí gbẹ. Bí oòrùn bá mú, ekòló ò ní lè..."

"Ṣé ekòló ló ń jọba ni?"

Òkété ní ekòló kọ́.

Àárọ̀ kùtù ni wọ́n dá ayẹyẹ náà sí. Ọ̀sán gangan ni ọba jáde, nítorí pé ọba kì í pẹ́. Àwọn tó ń dúró dè é ni wọ́n máa ń yára jù. Oòrùn ti mú ebè náà tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò lè dúró lórí rẹ̀. Ìkookò ki ọba fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà Kìnnìún na èékánná kan, ó tì í bọ inú iyanrìn, ó sì fa ekòló kan yọ.

Ekòló náà ti gan. Ó nà tọ́ọ́rọ́ bí okùn ṣòkòtò tí wọ́n gbàgbé sóòrùn.

Gbogbo wọn wo ojú Ìkookò.

"Ẹ wo bí ó ti ń mira," ni Ìkookò wí.

"Ó ń mira," ni Ẹfọ̀n wí.

"Ó ń ta ràì," ni Ọ̀yà wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ rọra dì í mú o, Kábíyèsí, kó má sá lọ."

Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́, gbogbo igbó ń sọ pé ó ń mira. Nígbà náà ni ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ Òkété, nítorí òun ni ó mọ ekòló. Òkété rò ó wò. Bí òun bá ní ó ti kú, wọn yóò padà sí ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ yóò jókòó, ọ̀gbẹlẹ̀ yóò máa lọ. Bí òun bá ní ó wà láàyè, ọba yóò ju ìwọ̀ rẹ̀, bóyá ẹja òmùgọ̀ kan yóò sì gbé e mì, odò yóò ṣí. Irọ́ kékeré kan, kí ìkòkò àwọn ọmọ lè gbóná.

"Ó ń mira, Kábíyèsí," ni ó wí. "Mi ò rí irú rẹ̀ rí."

Gbogbo wọn wọ́ lọ sétí odò. Ọba ju ìwọ̀. Ẹja kan wá, ó yí ekòló náà po, ó kẹ̀yìn sí i. Òmíràn wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Oòrùn rọlẹ̀, irun ọrùn Kìnnìún sì ń dìde díẹ̀díẹ̀.

"Ìkookò, ekòló mi ò mira ni?"

"Ó ń mira, Kábíyèsí. Gbogbo ìlú ló jẹ́rìí sí i."

"Ṣé mi ò wà á dáadáa ni?"

"Bàbá yín gan-an ò wà á tó bẹ́ẹ̀."

"Kí wá ni ẹja ń wò?"

"Ọ̀tẹ̀ ni, Kábíyèsí."

Kìnnìún mí kanlẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé nígbẹ̀yìn. Ó ní kí Ìkookò tú ekòló náà kúrò lẹ́nu ìwọ̀, kí ó tẹ́ ewé fún un nílẹ̀, nítorí pé ẹ̀rí ni. Lẹ́yìn náà ó dájọ́: odò Ọ̀ṣọ̀rọ̀ ti di ọlọ̀tẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ekòló bọ́ ọlọ̀tẹ̀, títí odò yóò fi wá sí ààfin, tí yóò dọ̀bálẹ̀, tí yóò tọrọ àforíjì.

Ẹsẹ̀ Òkété gbé e síwájú kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ó tú ewé kókò tí ó gbé dání, àwọn ekòló ibẹ̀ sì ń lọ́ mọ́ra wọn. "Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Èyí tí ẹ wà yẹn ti kú. Ẹ fi ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹja á gbé e, odò á ṣí. Àwọn ọmọ mi ò tíì jẹun."

Kìnnìún kò bínú. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi bi í. "Òkété, ta ló sọ lọ́sàn-án pé ó ń mira?"

"Èmi ni, Kábíyèsí."

"Ó dáa. Bóyá o purọ́ fún ọba lọ́sàn-án, bóyá ìsinsìnyí lò ń purọ́ fún ọba. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o mú, kí a lè mọ èyí tí a ó tìtorí rẹ̀ pa ọ́."

Òkété bojú wẹ̀yìn. Ọ̀yà ń wo ẹyẹ kan lókè. Ẹfọ̀n wúkọ́. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tí kò tíì sọ pé ó ń mira. Ẹyin lohùn, ẹni tó bá sì jù ú sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìlú, kì í rí ẹni bá a ṣa èèpo.

Kí ó tó yíjú padà, ọba ti na èékánná sílẹ̀. "Ẹ wò ó," ni ó wí.

Èèrà ti rí ẹ̀rí náà. Wọ́n ti wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e kúrò lórí ewé, ekòló ọba sì ń lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ gba inú koríko.

"Ẹ wò ó bó ti ń lọ. Ṣé òkú a máa rìn?"

Òkété wò ó títí. Ó ń lọ lóòótọ́.

"Ó ń rìn, Kábíyèsí," ni ó wí.

Igbó ho yè. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn wọ́n, nítorí pé ó ti pẹ́ tí òótọ́ ọ̀rọ̀ àti ìyìn ọba ti pàdé ní Àgbọ́máfọ̀. Wọ́n kọrin sin Kìnnìún délé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí a bá yọ ọba kúrò, èèrà nìkan ni ó jẹun.