Orúkọ Tí Mọ́pẹ́ Kò Lè Pè ní Kóòtù Kánádà

"Madam, ta ló kọ ọ̀rọ̀ yìí?"

Nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Tallaght, nílẹ̀ Ireland, ni Mọ́pẹ́ jókòó sí, tí adájọ́ òyìnbó ń wò ó láti Kánádà lójú kọ̀ǹpútà. Adéyọmí, àbúrò ọkọ rẹ̀, náà ń wò ó láti ọ̀hún, ó ń làágùn bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì.

Adéyọmí ló jẹ ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ nílé oúnjẹ Kazeem ní Toronto, ló bá kọ ọ́ sórí Facebook pé: "Ewúrẹ́ kàn wẹ̀ nínú omi yìí ni, ó ti gba ilé ẹ̀ lọ." Kazeem pè é lẹ́jọ́: ó bà mí lórúkọ jẹ́! Ó ní àfi kó dọ̀bálẹ̀ bẹ òun lórí fídíò, lójú gbogbo Yorùbá Toronto.

Òfin Kánádà ní kálukú lè sọ tẹnu ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ní ó ba èèyàn lórúkọ jẹ́, kó fi hàn pé òótọ́ lòun sọ. Mọ́pẹ́ nìkan ni ẹlẹ́rìí. Òun àti Adéyọmí ni wọ́n jọ jẹ ọbẹ̀ náà nígbà tí Mọ́pẹ́ lọ kí wọn ní Toronto.

"Madam, mo ní ta ló kọ ọ́?"

"Eyínfúnjowó ni, sà."

Adájọ́ yẹ ìwé ẹjọ́ wò, kò rí orúkọ náà níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò Kazeem fò dìde fìrì! "Ta nìyẹn? Ẹlòmíràn tún wà níbẹ̀?"

Kò sí ẹlòmíràn. Ilé ọkọ ni Mọ́pẹ́ ti bá Adéyọmí, ìyàwó ilé kì í sì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Eyínfúnjowó ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé.

"Mummy, just say his name, it's grand!" Ọ̀rẹ́olúwa ọmọ rẹ̀ ń sọ lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn sófà.

"Kí ló grand níbẹ̀? Kí n la orúkọ mọ́ wọn lórí? Ìyá ọkọ mi á jí nínú sàárè!"

"Madam," adájọ́ ní, "òmìnira wà fún yín láti sọ̀rọ̀."

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ jẹ́ n lo òmìnira yẹn láti gbé e mì."

"Ẹ nàka sí i, nígbà náà."

Mọ́pẹ́ ranjú kalẹ̀. "Nàka? Sí ọmọ ọkọ?"

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Adéyọmí di orí mú.

Yéè! Ẹ bá mi di ìhà mú, ẹ̀rín fẹ́ ẹ́ fọ́ ọ!

Àfi fín-ín! fín-ín! tí ẹnì kan ń fa ikun. Kazeem ni. Omijé ti bo ojú rẹ̀.

"My lord, mo yọwọ́ nínú ẹjọ́ yìí. 'Kaz' nìyàwó àbúrò mi ń pè mí. Kaz! Lójú ọmọ! Lójú àlejò! Ẹni tó bí obìnrin yìí, ó bímọ."

Kíá, adájọ́ ní kò sẹ́jọ́ mọ́. Adéyọmí fò sókè bí ọ̀bọ.

Kazeem nu ojú. "Ìyàwó wa, ẹjọ́ ti tán o. Ká kàn sọ ọ́ láàárín ara wa: báwo ni ọbẹ̀ mi yẹn ṣe rí lẹ́nu yín?"

Adéyọmí ń mirí: rárá, rárá!

Mọ́pẹ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé omi ìfọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá ni. Mo ti fọwọ́ tán kí n tó rí eegun nísàlẹ̀."

"My lord!" Kazeem figbe ta. "My lord, ẹ má tíì pa kọ̀ǹpútà yín o!"