Orí Ọmọ Ọba Nínú Ìda Oyin

Ta ló lè sọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́? Ẹ rò pé ọmọ tí ìyá pọ̀n sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Rárá o. Ẹ jókòó. Àyà mi ṣì ń já bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí.

Nílùú Òkè-Oyin, wọn kì í gbé ọmọ ọba jáde kó tó pé ogójì ọjọ́. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń gbé sọ́jà kí ará ìlú lè kí i. Obìnrin ayàwòrán kan, Àwẹ̀ró, ló ń yà á. Á yọ́ ìda oyin lórí iná, á po osùn àti ẹfun mọ́ ọn, á wá fi ya ojú ọmọ sórí pákó. Bí àwòrán bá bàjẹ́ kí ọba tó dé, ayàwòrán á kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú ni.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń retí ọba lọ́jà, Àwẹ̀ró ti gbé àwòrán ti igi lábẹ́ ìbòòji kó tó rí i pé òun ò tíì ya etí kan. Ìda sì ti tán! Ó sáré bá Bàbá Òjélabí tó jókòó nítòsí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ yọ́ ìda wá. Bí oòrùn bá kàn án, ẹ pariwo kí wọ́n gbé e kúrò."

"Máa lọ, ọmọ mi. Ṣebí ojú mi rèé?"

Ojú ọ̀hún gan-an ni wàhálà. Ó ti ń ṣe bàìbàì tipẹ́, Bàbá ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Oòrùn yí, ó kan àwòrán, orí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Bàbá nujú, ó tún un nù. Ó ní ojú òun ló tún bẹ̀rẹ̀ yẹn, ó bá dákẹ́.

Àwọn ọlọ́jà náà rí i.

"Orí ọmọ yìí ò ha ti wọ́ báyìí?"

"Panu mọ́! Tó bá wọ́, ṣé Bàbá ò ní sọ̀rọ̀ ni?"

Etí kan ṣoṣo tí ọmọ ní balẹ̀ sí èjìká. Imú dé àgbọ̀n. Gbogbo ọjà ń làágùn, wọ́n ń wo Bàbá. Bàbá ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Àwẹ̀ró dé, ọba dé tẹ̀ lé e. Ìkòkò ìda bọ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró.

"Mo gbé!"

Ọba wo àwòrán títí. "Àgbà wo ló wà níbí?"

Gbogbo ìka nà sí Bàbá.

"Kábíyèsí, mo rí i o! Mo rò pé ojú mi ló wọ́ ni."

Ọba ní, "Àwẹ̀ró, lọ ya òmíràn. Ìda ò mọ̀ ju kó yọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin Bàbá, láti òní lọ, orí ọmọ yòówù tó bá wọ́ lọ́jà yìí, ọrùn yín ló wà."

Ni Bàbá bá dìde. Ó ń tún orí ọmọ ṣe kiri lẹ́yìn àwọn ìyá wọn. Kí ọjà tó tú, ó ti tún elégédé mẹ́ta ṣe mọ́ ọn.

Òun nìyẹn o. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ti elégédé pàápàá kì í wọ́.