Bí Oyèkànmí Àjàní Ṣe Ṣẹ́gun Táì Àgbà ní Búlọ́ọ̀kù Kẹta

Ẹ dìde dúró, ẹ̀yin tí ẹ jókòó, kí ẹ̀yin tí ẹ ti wà lóòró tẹ́lẹ̀ náà tún fìlà àti gèlè yín ṣe, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi oúnjẹ lẹ́nu pè. Oyèkànmí ni mo ń wí, Àjàní ọmọ Látúnjí, ọmọ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, ọmọ ajókòó-sójú-kan-kí-aṣọ-ó-máa-rìn-lọ, ọmọ atẹsẹ̀-mọ́lẹ̀-kí-òfì-ó-dáhùn, ìran tí kì í so okùn kó tú, tí òwú kì í sì í ta kókó mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n má rí ojútùú rẹ̀. Baba baba rẹ̀ ló hun aṣọ tí ìyàwó mẹ́ta wọ̀ lọ sílé ọkọ lọ́jọ́ kan náà, tí kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé tẹnìkejì òun ló dára jù. Inú ìran ńlá yìí ni akọni wa ti jáde, tó gbé àpò rẹ̀, tó wọ bọ́ọ̀sì, tó sì wá sí yunifásítì láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa irúgbìn.

Yàrá kan wà ní Búlọ́ọ̀kù Kẹta níbi tí akọni yìí ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta mìíràn, ìṣó kan sì wà lára ògiri yàrá náà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀wù kọ́. Orí ìṣó yẹn ni Táì Àgbà gúnwà sí. Táì pupa ni, ó ní àmì tóótòòtó funfun, ó sì gùn dé ibi ìgbànú. Ẹ̀gbọ́n Fọlárànmí, ẹni tó ti jáde ní yunifásítì kí àwọn ará yàrá yìí tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó ní àárọ̀ ọjọ́ kan, láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni kò sì ti tú u mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò dẹ kókó rẹ̀ díẹ̀, yóò ki orí bọ̀ ọ́, yóò fà á sókè. Bó bá dé, yóò tún dẹ̀ ẹ́, yóò yọ orí, yóò sì dá ọba padà sórí ìtẹ́. Wọ́n ní ẹnì kan fi wọ báńkì, ẹnì kan fi wọ ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun, ẹnì kan sì so ó lọ rí àwọn àna rẹ̀, tí wọ́n fún un ní ìyàwó, tí wọ́n tún fi èlùbọ́ lé e. Gbogbo ará yàrá náà ló ń bọ̀wọ̀ fún táì yìí, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń so ó. Kò sí èyí tó jẹ́wọ́ fún ẹnì kejì rẹ̀ rí.

Ó wá di ìgbà tí sáà ẹ̀kọ́ ń lọ sópin, àkókò tí ilé ìkàwé kún débi pé àwọn kan ń kàwé lórí àtẹ̀gùn, tí ẹni tí kì í gbàdúrà ń bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú lórí kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ irúgbìn kan ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá fọ̀rọ̀ wá àwọn tó fẹ́ parí ẹ̀kọ́ lẹ́nu wò, pé ẹnì kan ṣoṣo làwọn máa mú nínú ẹ̀ka wọn, pé ọkùnrin tí kò bá so táì kó má wulẹ̀ yọjú. Oyèkànmí fẹ́ iṣẹ́ náà débi pé ó ń lálàá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń gbin nǹkan sínú agolo lẹ́yìnkùlé, kò sì sí ohun mìíràn tó wù ú ṣe láyé. Àmọ́ bàbá rẹ̀ ti bá àbúrò ara rẹ̀ kan tó jẹ́ oníṣòwò sọ̀rọ̀, pé bí iṣẹ́ kò bá yọ kí ọmọ náà tó kúrò nílé ìwé, kó wá máa bá a ta ìbòrí fóònù lábẹ́ agboòrùn. Wọ́n ti ra agboòrùn náà sílẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, akọni sọ Táì Àgbà kalẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí àbààwọ́n epo kan nítòsí ìdí rẹ̀, èyí tí gbogbo àmì fi hàn pé ilé àna ló ti wá. Ojú ọmọ ahunṣọ kò gba irú rẹ̀. Ó po ọṣẹ, ó bu omi, ó sì rántí baba baba rẹ̀, ẹni tó máa ń lé àwọn ọmọ kúrò létí odò bí wọ́n bá fẹ́ fọ aṣọ láìkọ́kọ́ tú gbogbo ìdì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Àjàní, arẹwà ọkùnrin, ẹni tí ìmọ́tótó ìran rẹ̀ ń gùn, na ìka méjì, tó sì tú ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò tú láti ayé Ẹ̀gbọ́n Fọlárànmí. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Ìgbà tó ká a kúrò lórí okùn, tó rí i tó nà gbọọrọ lọ́wọ́ òun bí ọ̀já tí wọ́n fi ń pọnmọ, ló tó yé e ohun tó ṣe. Ó jókòó sórí búkẹ́ẹ̀tì.

Ogun bẹ̀rẹ̀ wàyí. Akọni ti ilẹ̀kùn, ó gbé dígí ka ojú fèrèsé, ó fi táì kọ́rùn, ó lọ́ ọ sọ́tùn-ún, ó lọ́ ọ sósì, ó tì í bọ abẹ́, ó fà á yọ lókè, ohun tó sì jáde dà bí ẹnu àpò gààrí. Ó tú u, ó tún gbógun tì í. Lọ́tẹ̀ yìí, iwájú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ó ké sí fóònù rẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, níbi tí ọkùnrin kan nínú fídíò ti ń rẹ́rìn-ín tó sì ń so tirẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà bọ́ sí ìhà òsì Oyèkànmí, òsì rẹ̀ bọ́ sọ́tùn-ún, ìgbà tó sì fẹ́ sọ àṣírí ìgbẹ̀yìn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ. Akọni wa dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà.

Gbádébọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé bá a, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, gíga bí ẹnu ọ̀nà, ọlọ́rọ̀ púpọ̀. Oyèkànmí ti sáré fi táì sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó bi í, bí ẹni ń ṣeré, pé bí táì bá ṣèèṣì tú, ṣé ènìyàn lè tún un so. Gbádébọ̀ ní kí ló tún le nínú ìyẹn, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n, òun lè dijú so ó. Oyèkànmí ní kó wá so ó kí òun rí i. Ojú Gbádébọ̀ yí padà. Ó ní áà, òun ti gbàgbé pé òun ní kíláàsì, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni.

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti wọ akọni lẹ́nu mọ́. Ẹ̀wà tó sè fúnra rẹ̀ tutù síwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ mọ́ lójú rẹ̀: ó ń rò ó pé ẹni tó ń gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, tó lè sọ àrùn tó ń ṣe àgbàdo láti ojú ewé rẹ̀, báwo ló ṣe máa la ẹnu sọ pé òun kò mọ táì í so. Ó sàn lójú rẹ̀ kí òun máa ta ìbòrí fóònù. Ìtìjú náà wúwo, kò sì ṣeé rẹ́rìn-ín sí.

Ọjọ́ Ajé ni Ọ̀sẹ̀ Ìtọ́jú Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ta kánópì yí pápá ká, tí wọ́n sì gbé àkọlé ńlá kan kọ́ pé kò sí ìbéèrè tó kéré jù. Akọni ká táì sínú àpò ṣòkòtò, ó jáde lọ bí ẹni ń lọ sójú ogun, ó sì gbógun ti kánópì kọ̀ọ̀kan. Ó na apá fún àwọn tó ń wọn ìfúnpá, wọ́n ní tirẹ̀ ga díẹ̀, kó máa sinmi. Ó jókòó ti àwọn tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń mí kí oorun lè wá, ó sì mí. Ó gbé ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó ń tún un ṣe, wọ́n yọ ìlà méjì, wọ́n fi ọ̀kan kún un. Ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀fẹ́. Gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n pín ní pápá lọ́jọ́ náà ló gbà pátá, àfi ẹyọ kan tó torí rẹ̀ wá, àwọn ayàwòrán ilé ìwé sì ya fọ́tò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọyì ètò náà jù lọ.

Kánópì ìgbẹ̀yìn ni ti Ìyáàfin Ayégbóyìn, ìyá àgbàlagbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbọ́ ohun tó ń da àwọn ọmọ láàmú. Ó bi akọni pé kí ló ń ṣe é. Akọni ní ìdánwò ni, mà. Ìyáàfin bá a sọ̀rọ̀ ìdánwò, ó tún bi í bóyá ìyẹn nìkan ni. Akọni ní orí tún ń fọ́ òun, mà. Ìyáàfin bá a sọ̀rọ̀ orí. Nígbà tí àìsàn tó lè dárúkọ tán, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó rìn dé etí kánópì. Ibẹ̀ ni ó dúró sí. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó wà lórí ìlà ń wò ó, ọ̀nà Búlọ́ọ̀kù Kẹta sì wà gbayawu níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi bò: mo ti rí àwọn tí wọ́n pè ní akíkanjú tí wọn ì bá gba ọ̀nà yẹn lọ. Ọmọ Látúnjí yí padà.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ó ní, “mi ò mọ táì í so.”

Ilẹ̀ kò là, àwọn tó wà lórí ìlà kò sì ṣubú. Ìyáàfin Ayégbóyìn ní kó mú un wá. Ó gba táì náà, ó ń fi àtàǹpàkò ra á, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

“Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ mi fi ṣe tíṣà,” ó ní, “kò mọ̀ ọ́n so títí tó fi kú. Èmi ni mò ń so ó fún un láràárọ̀. Àràárọ̀ náà ló sì ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ó sọ fún un pé òun kò tíì fọwọ́ kan táì láti ìgbà náà, pé ó ń ṣe òun bíi kí òun sunkún, kí òun sì rẹ́rìn-ín. Ó dá táì padà fún akọni, ó ṣí ìborùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ ọrùn, ó sì wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè kọjú síbì kan náà, kí ọ̀tún lè jẹ́ ọ̀tún. Apá gbígbòòrò lé èyí tó tín-ín-rín lórí, ó yí i ká, ó gba ọrùn wọlé, ó bọ́ sínú ojú ihò tó ti ṣe sílẹ̀, wọ́n fà á wálẹ̀. Ìborùn di táì, táì náà sì di táì. Ayọ̀ akọni kún, ó fẹ́ rọra yọ orí kúrò nínú rẹ̀ kó lè gbé e lọ ní síso.

“Tú u,” ni Ìyáàfin wí.

Ó bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ó tú u, ó tún un so, ó tún tú u, títí ìka rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n láìbi orí léèrè. Àwọn tó wà lórí ìlà ti sún mọ́ tòsí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi ọwọ́ òfìfo ṣe bákan náà lábẹ́ àgbọ̀n wọn, wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni kò rí àwọn.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, akọni so táì, ó wọlé tọ àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ irúgbìn lọ. Ọ̀gá wọn wọ àdìrẹ ọlọ́rùn gbayawu, kò tilẹ̀ wo ọrùn rẹ̀. Wọ́n bi í nípa àrùn àgbàdo, ó dáhùn. Wọ́n bi í nípa ilẹ̀, ó dáhùn. Ọ̀gá wá bi í nípa ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń gbẹ irúgbìn, ẹ̀rọ tí Oyèkànmí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Irọ́ aládùn kan ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan, màá tú u, màá sì tún un so.”

Ọ̀gá bi í pé kí ló fẹ́ tú. Oyèkànmí sì ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún wọn láti orí búkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó jókòó wo ara wọn. Ọ̀gá ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ náà ni, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lọ́dọ̀ àwọn, àmọ́ gbogbo àwọn tó ti wọlé ṣáájú rẹ̀ ló sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ka orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, Àjàní ni.

Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sí Búlọ́ọ̀kù Kẹta. Àwọn ará yàrá rẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn, Gbádébọ̀ sì ti na ọwọ́ sí ọrùn rẹ̀, torí báńkì kan ń bọ̀ wá rí i lọ́jọ́ kejì. Ó ní kó rọra yọ ọ́ o, kó má jẹ̀ẹ́ kó tú. Akọni gun orí àga. Ó wo ìṣó ara ògiri, ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀, ó di ìdí Táì Àgbà mú, ó sì fà á tú lójú gbogbo wọn. Ẹnì kan gbé ọwọ́ lérí.

“Kí gbogbo Búlọ́ọ̀kù Kẹta gbọ́,” ó ní. “Láti òní lọ, táì kankan kò gbọdọ̀ sùn ní síso nínú yàrá yìí mọ́.”

Ó gbé e lé Gbádébọ̀ lọ́wọ́. Gbádébọ̀ gíga dúró, ó di táì náà mú bí ẹni di ejò mú, kò sì sí kíláàsì kankan tó rántí lọ́tẹ̀ yìí. Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

“Èmi náà ò mọ̀ ọ́n so.”

Àwọn méjì tó kù ní àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. Oyèkànmí sọ̀ kalẹ̀, ó fa táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yọ lórí okùn, ó fi kọ́ ọrùn, ó sì lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ Gbádébọ̀, kí wọ́n jọ kọjú síbì kan náà.

Nítorí náà mo kéde rẹ̀, kí ó dé Ìsẹ́yìn, kí ó dé etí gbogbo òfì tó ń dún níbẹ̀, pé ọmọ Látúnjí ti tú ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú, ó sì ti so ó padà. Ẹ̀yin tí mo ní kí ẹ dìde dúró, ẹ lè jókòó.