Ìkòkò Ọba Lẹ́yìn Ilé Wa

Ẹ jẹ́ n fi Dókítà wa hàn yín ní Bajúláyé. Kò tíì di dókítà o, ó ṣì ń kàwé awalẹ̀pìtàn lọ́wọ́ ní yunifásítì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pè é ní Adéjìmí, kò ní dáhùn. Ìyá ẹ̀ gan-an, tó ń gbé ní Fọlá Àgòrò, "Ìyá Dókítà" ló ní ká máa pe òun.

Òkété a-kàwé-walẹ̀! Abẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn ilé bàbá ẹ̀ tá a háyà, níbi tí mo máa ń sá aṣọ Níní ọmọ mi sí, ló ti hú ìkòkò kan jáde. Abọ́ tánganran olódòdó kan tó ti dípẹtà ló dé e lórí. Ó jù ú nù. Níní mi, ọmọ gidi, rá lọ mú un, ó ń fi ṣíbí lù ú.

"Ìyá Níní, ìkòkò ọba rè é! Ẹgbẹ̀rún ọdún!"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Dókítà?"

Ó lá a. "Ẹni tó bá kàwé, ahọ́n ẹ̀ á mọ̀."

Wọ́n ní ilẹ̀ ló ń jẹ èèyàn. Ti Dókítà, òun ló ń jẹ ilẹ̀.

Ló bá wo yàrá wa. "Ààfin wà lábẹ́ yàrá yín. Tí Pùròfẹ́sọ̀ mi bá ti gbà, màá wó o. Ẹ tètè máa wá ilé míì."

Níbo ni kí n gbé ọmọ tí ò tíì rìn lọ?

Ní Sátidé, Pùròfẹ́sọ̀ Mojíbọ́lá dé pẹ̀lú àwọn ọmọ yunifásítì. Dókítà wọ agbádá, ó gbé ìkòkò sórí tábìlì. "Eérú ọba ló wà nínú ẹ̀, mà!" Ó lá a. Àwọn tó ń ya fídíò ní oòrùn ò jẹ́ kó hàn dáadáa. Ó tún un lá.

Bí Ìyá Dókítà ṣe wọlé, kò wo ìkòkò rárá. Níní ló ń wò.

"Ìyá Níní, níbo lọmọ ẹ ti rí abọ́ mi?"

"Orí ìkòkò ọba ni, mà."

"Ọba wo?" Ó wo ìkòkò, ó wo igi. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Àkànó ọmọ mi! Ibi ọmọ tìrẹ gan-an lo hú yìí! Ìgbà tí mo bí ẹ ni bàbá ẹ rì í síbí. Ìkòkò ò ní ọmọrí, mo fi abọ́ dé e. Márùn-ún tó kù ṣì wà nílé!"

"Màmá, ẹgbẹ̀rún ọdún ni!"

"Ẹgbẹ̀rún kẹ̀? Ìwọ tí mo ṣì ń wáyàwó fún!"

Pùròfẹ́sọ̀ yọ awò ojú. "Adéjìmí."

"Mà!" Ó dáhùn kíá.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Ogójì, mà."

"Ọjọ́ orí ìkòkò nìyẹn. Lọ tún ìwé ẹ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ìyá ẹ̀ ní kó rì í padà, nínú agbádá yẹn náà. Wọ́n ya ìyẹn náà ní fídíò, oòrùn sì dáa. Mo gba abọ́ lọ́wọ́ Níní kí wọ́n fi dé e. Níní bú sẹ́kún, Ìyá Adéjìmí ṣèlérí pé òun á mú ọ̀kan wá fún un nínú márùn-ún yẹn.

Nírọ̀lẹ́, mo sá aṣọ ọmọ mi síbi tí mo máa ń sá a sí.

"Bọ̀ọ̀dá Adéjìmí, ṣé ká ṣì máa wá ilé míì?"

Ó ń fomi ṣan ẹnu.