Àmọ̀tán So Ṣéènì Mọ́ Fèrèsé

Igi wó dí ẹnu géètì ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Gbàgàdà! Mọ́tò tó fi ń gbé búrẹ́dì lọ sọ́jà wà nínú ọgbà, búrẹ́dì gbígbóná kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Bí mọ́tò náà ò bá jáde láàárọ̀ yẹn, ẹyẹ ló máa jẹ búrẹ́dì.

Ọkọ rẹ̀ ní kò sí wàhálà.

Háà! Ẹ ò mọ ọkùnrin yìí. Àmọ̀tán là ń pè é bó bá ti kọjá. Kò síṣẹ́ tí kò mọ̀, àfi èyí tó bá ti dáwọ́ lé. Ẹnu dùn-ún ròfọ́!

Ó ní ẹ́ńjìnnì agégi kan. Ṣéènì rẹ̀ ti já, eyín ṣéènì náà ò sì lè gé bọ́tà. Ẹni tó ń tún un ṣe wà ní ìkángun àdúgbò.

"Kí n lọ máa bẹ ẹni yẹn nítorí ṣéènì? Èmi?"

Ló bá gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìgbà tó máa dé, àpò irinṣẹ́ ń ró ṣàkàràṣàkàrà léjìká rẹ̀: fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n eyín ṣéènì, èyí tí wọ́n fi ń tú u, èyí tí wọ́n fi ń so ó, ìbọ̀wọ́, àti awò dúdú tó bo ojú rẹ̀ dé etí. Fáìsì tó máa di ṣéènì náà mú nìkan ni kò rà.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ máa fi dì í mú?" Mo bi í.

"Ọgbọ́n," ó ní.

Ó fi ṣéènì yí irin kan lára fèrèsé ilé ìdáná ká, ó fa orí rẹ̀ méjèèjì sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kó lè le dáadáa. Ó pọ́n eyín rẹ̀, ṣiọ̀-ṣiọ̀-ṣiọ̀. Ó so orí méjèèjì pọ̀, kó! kó! kó! Ahọ́n rẹ̀ yọ síta bíi ti ajá tó sáré.

"Ó parí!"

Ó fa ṣéènì. Ṣéènì ò bọ̀. Ó tún fà á. Fèrèsé mì gìrìgìrì.

Yéè! Bọ̀ọ̀dá ti so ṣéènì pọ̀ mọ́ irin fèrèsé, bí ìgbà téèyàn so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n mi yọjú. "Olówó orí mi, ẹ tètè tú u. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tú u ṣáà wà lọ́wọ́ yín."

"Tú kí ni? Wo bí ojú ibi tí mo so ṣe dán! Wọn ò tíì bí ẹni tó máa tú iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Ẹ gbọ́ o. Torí kó má bàa tú ṣéènì, ọkùnrin yìí tún sáré padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ra ayùn tí wọ́n fi ń gé irin.

Ó fẹ́ gé fèrèsé.

Ẹ̀rín ń pa mí lọ o! Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, ó ń fi ayùn gé irin, òógùn bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé, ó jáde lọ pe aládùúgbò méjì tó ní àáké. Gbì! Gbì! Gbì!

Àmọ̀tán gbọ́ ìró rẹ̀ látinú ilé ìdáná. "Ẹ má fọwọ́ kan igi mi o! Mò ń bọ̀!"

Irin fèrèsé já níkẹyìn. Ó gbé ṣéènì sórí ẹ́ńjìnnì, ó fa okùn ẹ́ńjìnnì náà, vùùùùù! Ó bẹ́ jáde, awò lójú, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, bí ẹni ń lọ sójú ogun.

Géètì ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mọ́tò ti lọ. Wọ́n ti to igi jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ta ló gé igi mi?"

Mo dojú bolẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú mi.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé láti ọjà, ó wo ihò tó wà lójú fèrèsé rẹ̀. "Wẹ́dà tó máa jó irin náà pọ̀ ń bọ̀ lọ́la," ó ní.

"Wẹ́dà kẹ̀? Irin kan ṣoṣo! Jẹ́ n sáré lọ ra irinṣẹ́ rẹ̀."

Ó dìde, ó ń wá bàtà. Kò rí ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ti kó gbogbo bàtà rẹ̀ sínú ààrò búrẹ́dì, ó ti tì í pa, kọ́kọ́rọ́ wà láyà rẹ̀.

Àmọ̀tán wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí. Ó wò mí.

"Kò sí wàhálà," ó ní. "Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ran bàtà?"