Hesekáyà Ọ̀ṣínúbi àti Àlejò Aláyà Ìyeyè

Ẹ wárí fún Hesekáyà Ọ̀ṣínúbi, alàgbà ìjọ lẹ́bàá èbúté Àgbádárìgì, ọmọ Jeremáyà tí í lu agogo ìjọ títí ajá àdúgbò fi mọ ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ-ọmọ Ọ̀ṣínúbi àgbà tí í sùn nígbà ìwàásù, síbẹ̀ tí kì í ṣi Àmín ṣe. Sámúsọ́nì wó òpó, Dáfídì fi kànnàkànnà ta òkúta; ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló jókòó sórí korobá tó dojú dé nínú ọyẹ́, tí ètè rẹ̀ là bí ilẹ̀ ọ̀dá, tó ń fi awò olójú méjì wá ẹyẹ tí kò tó ìkúùkù ọmọdé?

Ẹyẹ náà ni àlejò aláyà ìyeyè, tí àyà rẹ̀ rí bí èso ìyeyè tó pọ́n, Ajùrù-má-sinmi tí kì í yé ju ìrù. Lọ́dọọdún, ìgbà ọyẹ́ ni í ti òkè òkun wá, tí í rìn láàárín ọkọ̀ ẹja ní èbúté, kí ó tó wọ ọgbà Hesekáyà láti jẹ kòkòrò nínú ewé gbígbẹ lábẹ́ igi furúùtù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdájọ́ igi náà ti pé. Ìyá Dèbórà, aya Hesekáyà, ti gbá ewé rẹ̀ títí ẹ̀yìn ń ro ó. Ó ti ránṣẹ́ pe Mùfútàù agégi, ìyẹn sì ti dé tòun ti ayùn, ó gbé ẹ̀kọ àárọ̀ rẹ̀ síwájú.

Hesekáyà bẹ̀ ẹ́. "Ìyá Dèbórà, àlejò mi ń jẹun níbẹ̀."

"Bàbá Dèbórà, ewé ni mo ń gbá láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi wọlé. N kò tíì gbá àlejò rí. Ó dáa, n ò ní gbálẹ̀ láàárọ̀ yìí. Bí mo bá fojú mi rí i kí Mùfútàù tó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán, igi á dúró."

Mùfútàù bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Jóṣúà dá oòrùn dúró. Ta ni yóò dá ọ̀fun Mùfútàù dúró? Ẹ̀kọ ń wọlé bí ogun Fáráò tí ń wọ òkun, kò sí èyí tó padà.

"Bàbá," ni Mùfútàù wí, ó ń lá ìka, "ṣé ẹyẹ yín ṣì ń dúró de ọkọ̀ ni?"

Hesekáyà tẹjú mọ́ awò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Awò rẹ̀ ti mú un: Ajùrù-má-sinmi ń bọ̀ láti èbúté, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n tí wọ́n sá sóòrùn, ó wọ ọgbà.

Ìgbà náà gan-an ni ìdánwò dé. Ọ̀wọ́ lékeléke gbéra lórí omi, funfun bí aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n ń fò kọjá lókè. Ta ni yóò rí lékeléke tí kò ní na ìka sí i, pé kí ó fún òun ní èékánná funfun? Àwọn obìnrin tí ń yan ẹja na ọwọ́. Mùfútàù na tirẹ̀ tòun ti ẹ̀kọ. Ìyá Dèbórà, olórí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, gbàgbé ọjọ́ orí, ó ń gbọn ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹyẹ kékeré ta gìrì, ó ń wá ibi ìsádi.

Ṣùgbọ́n Hesekáyà, òkè tí ìjì kò mì, àpáta tí ìgbì fi orí sọ tó padà sẹ́yìn! Ìka rẹ̀ ń yún un, ìgbà èwe rẹ̀ ń pè é. Ó di awò mú bí ẹni di ìwo pẹpẹ mú. Ẹyẹ wo ọ̀tún, ó wo òsì: gbogbo ayé ń mì, àfi bàtà kan. Ó gun orí bàtà Hesekáyà, ó sì ju ìrù.

Ẹ̀kọ ìkẹyìn dúró lẹ́nu Mùfútàù.

"Ẹ má mí o, Bàbá Dèbórà," ni ìyàwó rẹ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Áà, ṣé oúnjẹ eléyìí ni mo ń gbá dànù láràárọ̀?"

Ó fi ìgbálẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mùfútàù gbé ayùn rẹ̀ relé, ikùn rẹ̀ kún.

Nítorí náà, kí a kéde rẹ̀ dé ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun: igi furúùtù dúró, ewé rẹ̀ yóò sì wà nílẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Gbogbo èbúté ń fi èékánná funfun yangàn báyìí. Ti Hesekáyà nìkan ni kò yí padà. Ẹ ṣí fìlà fún un: jagunjagun tó ṣẹ́gun láìgbọ́wọ́ sókè.